Ta Ni Ọ̀gá Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tí A Kì Í Dárúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Òwe náà dára, ó sì bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan mu. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí a kò dárúkọ. Ta ló kọ́ ọmọ náà ní ọwọ́ wíwẹ̀? Ta ló bu omi sílẹ̀, tó di ọwọ́ kékeré náà mú, tó ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ títí ó fi mọ́ ọmọ lára? A rí ọmọ, a rí àgbà, a rí oúnjẹ. A kò rí olùkọ́. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ eré ìdárayá rí ní ilẹ̀ wa, pàápàá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó dúró sílé, tó ń kọ́ ọmọ tuntun lọ́dọọdún, òun ni a kì í bi léèrè.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Mo fẹ́ sọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fìdí kalẹ̀ sí àdúgbò kan fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún wúlò fún ìlú ju gbajúmọ̀ kan ṣoṣo tó lọ sókè òkun lọ. Àti pé títí a ó fi mọ èyí, tí a ó sì máa sanwó fún un, èso tí ẹlòmíràn gbìn ni a ó máa ká. Agbègbè Ọjà Àlàbá, ní Ọ̀jọ́, ní Ìba àti ní Òkòkòmáìkò, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn sí mi kedere jù lọ.

Ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ nínú ọjà

Ẹni tó bá ti ná Ọjà Àlàbá rí mọ̀ pé ọjà ẹ̀rọ ni. Rédíò ni o, tẹlifíṣọ̀n ni o, fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù, jẹnẹrétọ̀, kò sí èyí tí ènìyàn wá débẹ̀ tí kò ní rí. Wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá rajà níbẹ̀, títí kan àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù níbẹ̀ kì í ṣe ọjà tí wọ́n tò sójúde. Ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn ni. Àwọn ará wa Ìgbò, tí wọ́n pọ̀ púpọ̀ nínú ọjà náà, ní àṣà kan. Ọmọdékùnrin yóò wá sọ́dọ̀ ọ̀gá, yóò sìn ín fún ọdún mélòó kan, yóò máa gbé ẹrù, yóò máa pe oníbàárà, yóò mọ iye tí wọ́n ń rà á àti iye tí wọ́n ń tà á. Nígbà tí ọdún bá pé, ọ̀gá yóò dá a sílẹ̀, yóò sì fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àwa Yorùbá náà ní tiwa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tàbí mẹkáníìkì, tàbí wẹ́dà, yóò parí iṣẹ́, wọn yóò ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún un, ọ̀gá yóò sì gbàdúrà lé e lórí níwájú ẹbí àti ojúlùmọ̀.

Nínú àṣà méjèèjì, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò ní ọ̀gá. Ì báà ṣe pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ni ènìyàn ní, wọn yóò ṣì béèrè pé, "Ta ni ọ̀gá rẹ̀? Ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́?" Bí ọmọ iṣẹ́ bá mọṣẹ́, ògo ọ̀gá ni; bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìtìjú ọ̀gá ni. Ẹni tó bá là tó sì sọ pé òun kò mọ ọ̀gá òun rí, abaramóorejẹ ni wọn yóò pè é. Ìbéèrè yìí, "Ta ni ọ̀gá rẹ̀?", ni mo fẹ́ kí a gbé láti inú ọjà lọ sí pápá ìṣeré.

Ọ̀gá Ọlájùwọ́n

Kò sí ọmọ Èkó kankan tó tíì lókìkí nídìí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó Hakeem Ọlájùwọ́n. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 21, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1963. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ó lọ sí Muslim Teachers College ní Èkó, níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti hándíbọ́ọ̀lù, èyí tí a ń fọwọ́ jù sínú gọ́ọ̀lù. Ó ti ga gan-an, ó sì ti ń di géńdé, kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1980 ó gba Houston lọ ní Amẹ́ríkà láti lọ kàwé ní yunifásítì ibẹ̀. Ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Michael Jordan ni ẹni kẹta. Ó gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Houston Rockets ní 1994, ó tún gbà á ní 1995. Ìgbà 3,830 ni àkọsílẹ̀ NBA fi hàn pé ó gbá bọ́ọ̀lù alátakò dànù lójú ọ̀run kí ó tó dé apẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ní 2008 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn ẹni ńlá tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nínú eré náà.

Ó dára. Ta ni ọ̀gá rẹ̀?

Ganiyu Otenigbade ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Ìpínlẹ̀ Èkó ni ọkùnrin náà. Òun ló rí ọmọ gíga yìí nínú àwọn tó ń gbá hándíbọ́ọ̀lù, tó kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ eré náà, tó sì rọ̀ ọ́ pé kí ó gbájú mọ́ ọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn tó wá kún un. Richard Mills, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Christopher Pond, ará Amẹ́ríkà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí eré náà ní Áfíríkà, rí i, ó sì sọ nípa rẹ̀ fún Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Houston. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn wọ̀nyí bá ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Ẹni tó bá igi nínú igbó, tó sì mọ̀ pé igi yìí yóò ṣe ìlù, òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ Ọlájùwọ́n. Wọ́n ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kan fẹ́ fi hàn án bí a ṣe ń ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò ga tó, ó gun orí àga, ó sì kì í bọ̀ ọ́. Nígbà tó kan ọmọ náà, ọmọ náà bá fẹ́ gun àga! Wọ́n ní, "Rárá o, ìwọ dúró nílẹ̀, kí o fò." Gbogbo ènìyàn ló máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ìtàn yìí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ọ́, ẹni tó gun àga kì í lórúkọ. "Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan" ni wọ́n ń pè é. Àga ni ẹni yẹn jẹ́ nínú ìtàn. A gun orí rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọlájùwọ́n fúnra rẹ̀ kò tijú orísun rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ léraléra pé bí ẹsẹ̀ òun ṣe máa ń yí, tí alátakò kò fi ní mọ ibi tí òun ń lọ, inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti hándíbọ́ọ̀lù tí òun gbá ní Èkó ló ti wá. Nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, òun náà di olùkọ́. Kobe Bryant wá kọ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 2009, LeBron James wá ní 2011. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ ṣe ń rìn: ohun tó bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ pápá ní Èkó, àwọn ọ̀gá Amẹ́ríkà wá ń kọ́ ọ.

Kì í sì í ṣe ti Ọlájùwọ́n nìkan. Masai Ujiri, tó dàgbà ní Zaria, tó wá di olórí ẹgbẹ́ Toronto Raptors, tí ẹgbẹ́ náà sì gba ife-ẹ̀yẹ NBA ní 2019, kì í sọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ kí ó má dárúkọ Oliver B. Johnson, ará Amẹ́ríkà tó wá fi Nàìjíríà ṣe ilé, tó sì lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nídìí kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ujiri mọ ọ̀gá rẹ̀. Àwa ńkọ́?

Okùn tí kò gbọdọ̀ já

Bí a bá wo ìtàn eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀, okùn olùkọ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́ ni a ó rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ James Naismith, ní ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà, ń wá eré tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe nínú ilé nígbà òtútù. Ó kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè, ó kọ òfin 13, eré sì bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn náà Naismith lọ sí Yunifásítì Kansas. Níbẹ̀ ni Phog Allen ti kọ́ eré náà lábẹ́ rẹ̀. Allen wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Kansas kan náà fún 39 ọdún. Ọ̀dọ̀ Allen ni Dean Smith ti gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì jọ gba ife-ẹ̀yẹ ní 1952. Smith wá lọ kọ́ni ní Yunifásítì North Carolina fún 36 ọdún, láti 1961 sí 1997. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́ níbẹ̀ ni Michael Jordan.

Naismith sí Allen, Allen sí Smith, Smith sí Jordan: ènìyàn mẹ́rin péré ló wà láti ẹni tó dá eré náà sílẹ̀ dé ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọba rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí okùn náà gùn láìjá ni pé àwọn kan dúró sójú kan. Allen dúró fún 39 ọdún, Smith fún 36. Bí wọ́n bá ti ń kó ẹrù wọn kiri lọ́dọọdún nítorí pé kò sí owó oṣù, ta ni ì bá ti kọ́ ta?

Èso tí ẹlòmíràn gbìn

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé. Àwọn obìnrin wa, ikọ̀ D'Tigress, ti ṣe bẹbẹ. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, ní ìtẹ̀léra márùn-ún. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Paris ní 2024, wọ́n na Ọsirélíà, wọ́n na Kánádà, wọ́n sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Òlíḿpíìkì. Nígbà tí wọ́n gba ti 2025, Ààrẹ kéde 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan àti 50,000 dọ́là fún akọ́nimọ̀ọ́gbá àti òṣìṣẹ́ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún fi ilé àti oyè orílẹ̀-èdè kún un. Inú mi dùn sí i. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ fún ọ̀yà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè Àlàbá lọ́wọ́ wọn: ta ni ọ̀gá yín? Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, Amẹ́ríkà ni a bí wọn sí, tàbí ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Newark, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí Ezinne Kalu sí. Rena Wakama, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn tó fakọ yọ ní Paris, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí i sí. Ọmọ wa ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n, wọ́n sì ti fi ìfẹ́ hàn sí wa. N kò sọ pé kí wọ́n má wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé olùkọ́ kan wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́hùn-ún tó ń fun fèrè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń jù ú, tí ìjọba ìbílẹ̀ ìlú wọn sì ń sanwó oṣù fún. Oko ẹlòmíràn ni a ti lọ kórè. Ó sì dáa bí oko ẹlòmíràn bá ṣe ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí oko bàbá rẹ̀ di igbó, tó ń fi ìkórè oko àna rẹ̀ yangàn, ó yẹ kí ojú tì í díẹ̀.

Ọkùnrin kan tó dúró sí ìlú rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àlá ni mò ń lá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún yín. Bob Hurley ni orúkọ rẹ̀. Jersey City ni wọ́n bí i sí ní 1947, ìlú kan tó kọjú sí New York, tí àwọn òṣìṣẹ́ àti tálákà pọ̀ sí. Ó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú náà, St. Peter's Prep. Kò sọ pé òun yóò lọ wá ògo níbòmíràn. Ní 1972 ó di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní St. Anthony, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ti àwọn Sístà Kátólíìkì ní ìlú kan náà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 2017. Ọdún 45 nìyẹn.

Ẹ gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní gbọ̀ngàn ìṣeré tirẹ̀. Gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń ta bíńgò ni wọ́n ń yá lò. Owó tí Hurley fi ń jẹun kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù rárá. Òṣìṣẹ́ kóòtù ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa mójú tó àwọn tí adájọ́ ní kí wọ́n wà nílé kí wọ́n hùwà rere dípò kí wọ́n lọ sẹ́wọ̀n. Ó ń rí ohun tó ń gbẹ̀yìn ọmọ tí kò ní ẹni tó ń bá a wí ní ojúmọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ń lọ dènà rẹ̀ lórí pápá. Ó le gan-an. Kò gba kí ọmọ pẹ́ dé, kò gba kí ọmọ pa ìwé tì. Ikọ̀ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ wọn ní ìgbà 28, ó sì ju ìdíje 1,100 lọ tí wọ́n jáwé olúborí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní 2010 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n fi ti Ọlájùwọ́n sí ní 2008, ó sì wà nínú àwọn díẹ̀ tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama nìkan.

Ìtàn náà ní ìparí tó korò, n kò sì ní fi pamọ́. Ní oṣù Kẹfà 2017, ilé-ẹ̀kọ́ St. Anthony ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, nítorí pé kò sí owó. Ife-ẹ̀yẹ 28 kò lè san gbèsè. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, ènìyàn kan ṣoṣo tó dúró pẹ́ lè tún ìran méjì ṣe láìní gbọ̀ngàn ńlá. Èkejì, ìfẹ́ ẹnì kan kò lè gbé ilé ró títí láé bí àwùjọ kò bá fi èjìká tì í. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wa pé kí wọ́n "fi ṣe ìsìn fún ìlú" gbọ́dọ̀ rántí èkejì yìí dáadáa.

Ohun tí àwọn kan ń sọ

Mo ti bá àwọn ènìyàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Àwọn kan ní eré kì í bọ́ ènìyàn, kí ọmọ lọ jókòó ti ìwé rẹ̀. Òótọ́ ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, bóyá ni ọ̀kan yóò fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ìdí gan-an tí mo fi ń sọ̀rọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyí, tí n kò fi sọ̀rọ̀ gbajúmọ̀. Gbajúmọ̀ wúlò fún ọ̀kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wúlò fún àwọn 999 tó kù. Ọmọ tó bá kọ́ láti dé lásìkò, láti gba ìbáwí láìbínú, láti pín bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì rẹ̀, tó sì mọ̀ pé bí máàkì òun bá lọ sílẹ̀ òun kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ náà, ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pàdánù bí kò tilẹ̀ dé Amẹ́ríkà láé.

Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọ tí kò ga kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wọ ààrin pápá, tó ń darí àwọn yòókù, kì í sábà jẹ́ ẹni tó ga jù. Ojú àti ọgbọ́n ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn kan sì tún ní, "Ṣé àwọn alánàánú kò ń ṣe àgọ́ ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù nígbà ọlidé ni?" Wọ́n ń ṣe é, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àgọ́ ọ̀sẹ̀ kan dà bí òjò ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ á gba ẹ̀wù, á ya fọ́tò, ní ọ̀sẹ̀ kejì kò ní rí ẹni tí yóò bi í pé, "Èé ṣe tí o kò wá lánàá?"

Ní Ọ̀jọ́, ní Ìba, ní Òkòkòmáìkò, ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ ṣófo kò pọ̀ mọ́. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ló ń hù níbẹ̀. Òbí ti jáde lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kò sì ní wọlé títí di alẹ́. Láàárín aago méjì tí ilé-ẹ̀kọ́ parí àti aago méje alẹ́, ta ló ni ọmọ? Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ń ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ń wá ọmọ tuntun, wọn kì í sì í gba ọlidé. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa: gbogbo ọmọ ló máa ní ọ̀gá. Bí a kò bá fún un ní ọ̀gá rere, yóò rí òmíràn fúnra rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Ohun tí mo ń béèrè kò ju agbára wa lọ. Èkíní, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè rẹ̀ gba akọ́nimọ̀ọ́gbá sí iṣẹ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba, ẹnì kan fún ilé-ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó bá súnmọ́ra. Kí wọ́n wá wọn láàárín àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà dáadáa nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọn kò rí ọ̀nà lọ síwájú, tí wọ́n ń ta fóònù tàbí tí wọ́n ń gun ọ̀kadà nísinsìnyí. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn tó ń bàjẹ́. Kí wọ́n rán wọn lọ gba ẹ̀kọ́ ṣókí lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé láìṣe é léṣe, kí wọ́n máa san owó oṣù fún wọn ní oṣooṣù, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Èkejì kan àwọn ará ọjà. Tẹlifíṣọ̀n tí a fi ń wo NBA, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti Àlàbá jáde. Wọ́n ń tan àwòrán eré náà síta fún oníbàárà, ọmọ tó ń kọjá lọ ń dúró wò ó pẹ̀lú àpò ìwé léjìká. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kò lè ra àpẹẹrẹ ohun tí wọ́n ń tà? Òrùka irin tó fẹ̀ ní ìǹṣì 18, tí a gbé sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ilẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń kó ti òkè òkun wá. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ yóò ṣe é láàárín ọjọ́ kan. Bí ilẹ̀ kò bá tó fún pápá odindi, ìlàjì pápá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kan àwa akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọdún 1983 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá Yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀ sí Ọ̀jọ́. Àwọn tó ń kọ́ nípa eré ìdárayá níbẹ̀ lè máa lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àdúgbò, bí dókítà ọ̀dọ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà. Àwa tó ń kọ́ Yorùbá náà ní iṣẹ́ tiwa. Ìran wa ni ìran tó ń kì ènìyàn. A ń kì ọba, a ń kì jagunjagun, ọlọ́dẹ ń sun ìjálá, gbogbo onísẹ́ ló ní oríkì. Ta ló tíì kì akọ́nimọ̀ọ́gbá? Kí a mú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí a lọ bá àwọn àgbà tó kọ́ bọ́ọ̀lù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kí a bi wọ́n ẹni tí wọ́n kọ́, ẹni tó kọ́ wọn, irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n lò, bí wọ́n ṣe wá owó ọkọ̀ lọ sí ìdíje. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ìwé àṣekágbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n lọ tán, "akọ́nimọ̀ọ́gbá kan" ni gbogbo wọn yóò máa jẹ́ nínú ìtàn.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá tún gbọ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun kan lórí rédíò lọ́la, tí wọ́n ń ka iye àmì-ayò tó gbà àti iye owó tí wọ́n fẹ́ máa san fún un, ẹ yin ọmọ náà tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè ní Àlàbá: ta ni ọ̀gá rẹ̀, níbo ló wà, ṣé ó ti jẹun lónìí?